Láti Ara Mi Ni, Kì í Ṣe Láti Ara Ìyá Rẹ

Òkè-Àró, Àkúrẹ́
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àárọ̀

Akínbọ̀dé, àkọ́bí mi,

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu láti gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu mi kò lè gbé, bóyá ọwọ́ mi á lè gbé e. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi di ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ, èmi fúnra mi kò kọ ohun tó ju ojú ewé kan lọ rí. Fara balẹ̀ kà á. Bí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e kalẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí o wá kí wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ni o jókòó sí, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. O sọ fún wa pé oyún tó wà lára Fúnmiláyọ̀ tún ti wálẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kejì láti ìgbà ìgbéyàwó yín, àti pé kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Àmọ́ o tún fi kún un pé Màmá Oǹdó, ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ jọ wà ní àdúgbò kan láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ti gbé ọ lọ síbẹ̀, ń béèrè bóyá a wádìí ìdílé Fúnmiláyọ̀ kí a tó gbé e níyàwó. O wá sọ èyí tó jẹ́ tìrẹ. O ní, "Bóyá ó yẹ ká ti wádìí wọn dáadáa, Bàbá."

Ìyá rẹ gbójú sókè, ó wò mí. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo àwọn adìẹ, mo sì dúró sí ẹ̀yìnkùlé títí o fi dágbére. Bóyá o rò pé inú ló ń bí mi. Ojú ló ń tì mí, ọmọ mi. Ìdí tí ojú fi ń tì mí ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo fẹ́ Mojísọ́lá ìyá rẹ. O mọ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìjù. Títí di òní, bí inú rẹ̀ bá dùn, "ulé" ló máa ń pe ilé. Àwọn ọdún yẹn le. A máa ń tò fún kẹrosíìnì láti ìdájí. Búrẹ́dì di ohun tí à ń jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan. Ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bébà á tán, a ó wá jókòó ti ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó oṣù kò ní dé. Bí o bá lọ sí ilé ìwòsàn lóṣù yìí tí o bá dókítà kan, nígbà tí o bá fi máa pa dà lọ lóṣù kejì, wọ́n á ní ó ti lọ sí òkè òkun.

Inú àkókò yẹn ni oyún àkọ́kọ́ ti wálẹ̀. Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. A gba bẹ́ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, èkejì wálẹ̀, ẹ̀kẹta sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀kẹrin lọ, kò sí ẹni tó pa òwe fún wa mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Oǹdó, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ní ilé ọmọ ìyàwó mi kò di oyún mú, wọ́n sì béèrè ìbéèrè yẹn gan-an tí o tún gbọ́ lẹ́nu wọn lóṣù yìí: ṣé a wádìí ìdílé rẹ̀? Ìyá rẹ wà ní ilé ìdáná. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́, síbẹ̀ mo sọ ojú mi sílẹ̀.

Wọ́n mú ìyá rẹ káàkiri. Ó gbààwẹ̀ títí ó fi rù. Ó mu èyí tí wọ́n ní kó mu, ó wẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ní kó fi wẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ṣé èmi kọ́ ni mò ń gbé páálí ìwé méjì lé orí lẹ́ẹ̀kan náà? Èmi kọ́ ni ibà kì í tètè dá dùbúlẹ̀? Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, ta ni yóò wò ó sójú kó ní bóyá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni?

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ kí o fi ṣe ẹ̀kọ́ kìíní: nígbà tí wọ́n ń na ìka sí ìyàwó mi, mo dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ọkọ kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́, Akínbọ̀dé. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á kà á sí pé o fọwọ́ sí i, ìyàwó rẹ náà á sì kà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún dá irú ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lójú rẹ, dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, kí Fúnmiláyọ̀ sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. O kò gbọ́ orúkọ Bọ́lájokò rí. Aránṣọ ni, ní Ìgbàrà-Òkè, ọ̀dọ́mọbìnrin tó mọ iṣẹ́, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló júwe rẹ̀ fún mi, èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ lọ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé mo fẹ́ lọ wo bóyá Ọlọ́run á gba ibòmíràn ṣílẹ̀kùn ọmọ fún mi. Ó ní òun ti gbọ́. Kò bá mi jà, ó kàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ká ní ó bá mi jà ni, bóyá ojú mi ì bá tètè là.

Oyún dé sára Bọ́lájokò láàárín oṣù mélòó kan. Ó wálẹ̀. Òmíràn dé, òun náà wálẹ̀. Mo lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ń rọra wá ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ. Ó gbé aṣọ tó ń rán kalẹ̀, ó sọ fún mi pé: "Ìyàwó yín sọ oyún mẹ́rin nù. Èmi sọ méjì nù. Èmi àti òun kò bá ara wa tan, a kò tilẹ̀ mọ ara wa. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ so wá pọ̀."

Mo bínú, mo jáde. Mo ní ó yájú sí mi. Àmọ́ nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ pa dà sí Àkúrẹ́, mo ka àwọn oyún náà lórí ìka mi, ìka mẹ́fà, ẹ̀rù sì bà mí. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó tún pa dà síbẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa níhìn-ín: bí ọ̀rọ̀ yín bá pẹ́, má fi ọmọ ọlọ́mọ dán ara rẹ wò. Ènìyàn ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, ọkàn rẹ̀ ni.

Ẹ̀rù tó bà mí, mi ò gbé e lọ sí ibi tó yẹ. Ọkùnrin kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń ta àgbo sínú ìgò, wọ́n ní ó ń mú kí àtọ̀ ọkùnrin lágbára. Mo rà á ní bòókẹ́lẹ́, mo ń mu ún ní ibi iṣẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, ìtọ̀ mi yí àwọ̀ pa dà, mo dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìyá rẹ ló ń fún mi lómi mu, kò mọ ohun tí mo mu. Òun àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kẹta: má mu ohunkóhun tí o kò lè mu lójú ìyàwó rẹ.

Obìnrin ni dókítà tó tọ́jú mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dà sílé láti òkè òkun nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá lọ. Ó ní kí n sọ ohun tí mo mu àti ìdí tí mo fi mu ún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, Bọ́lájokò náà kò gbẹ́yìn. Kò bú mi. Ó kọ ìwé kékeré kan fún mi pé kí n wá ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo fi í sápò ṣòkòtò kan tí n kì í sábà wọ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ìyá rẹ ló rí i lọ́jọ́ tó ń ṣa aṣọ fún fífọ̀. Ó kà á tán, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá dúró níwájú mi. Ó ní, "Ẹ dìde, ká jọ lọ."

Mo rántí ọjọ́ yẹn dáadáa. Wọ́n fún mi ní ife kékeré kan, wọ́n fi yàrá kan hàn mí tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo jáde, mo ní mi ò lè ṣe é. Ìyá rẹ ní kí n wọlé pa dà. Ó di ilẹ̀kùn náà mú láti ìta, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bọ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi wà níbẹ̀." Nígbà tí mo ń bínú nínú yàrá yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí òun náà ń rẹ́rìn-ín níta. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti jọ rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Èsì fi hàn pé àtọ̀ mi kò kún tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èso inú rẹ̀ kò sì gún. Dókítà náà ní kò tán síbẹ̀. Ó kọ̀wé fún wa lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi àti ti ìyá rẹ. Oṣù mẹ́rin ni èsì ẹ̀jẹ̀ fi pẹ́. Ti ìyá rẹ kò ní àbùkù kankan. Tèmi ni wọ́n rí nǹkan nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ bí dókítà náà ṣe ṣàlàyé fún mi, nítorí ó lè kàn ọ́. Ó béèrè iṣẹ́ mi, mo ní ìwé ni mò ń dì. Ó ní bí wọ́n bá kó ìwé kan tó ní apá kìíní àti apá kejì wá fún mi, tí mo wá ṣèèṣì rán ojú ewé díẹ̀ láti apá kìíní mọ́ èkejì, tí mo sì rán ti èkejì mọ́ kìíní, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Mo ní bí apá méjèèjì bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kò sí ọ̀rọ̀ tó sọ nù, ààyè ni wọ́n kàn pààrọ̀. Ó ní, bí ẹni yẹn bá wá fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kan péré nínú àwọn apá tí mo ṣì dì yẹn ńkọ́, tó wá fi apá tó gún láti inú ẹ̀dà mìíràn tì í? Mo ní ọmọ náà á ní ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn kò sì ní sí níbẹ̀ rárá. Ó ní, "Ohun tó wà lára yín nìyẹn, Ọ̀gá Oníwèé."

Ó ní nínú ara ènìyàn, ohun tín-ín-rín bí òwú wà tí wọ́n ń pè ní krómósóómù, mẹ́rìndínláàádọ́ta, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ara wọn ni ìlànà bí a ṣe ń mọ ènìyàn wà. Lára tèmi, méjì nínú wọn ti já díẹ̀, wọ́n sì ti fi èyí tó já ṣe pàṣípààrọ̀. Kò sí ohun tó sọ nù, ìdí nìyẹn tí ara mi fi le. Ìgbà tí ara mi bá ń pín wọn sí méjì láti fi ṣe àtọ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: àwọn kan á gba èyí tó pé, àwọn mìíràn á gba àlékún níhìn-ín, àìtó lọ́hùn-ún. Oyún tí irú èyí bá bẹ̀rẹ̀ kì í sábà lè dúró. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe. Ó lè jẹ́ pé mo jogún rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé orí mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá yíjú sí ìyá rẹ. Ó ní, "Kò sí ohun tó ṣe ilé ọmọ yín, Mà. Àwọn oyún yẹn ni kò lè dúró. Èyí tó pé wà láàárín àtọ̀ ọkọ yín, ẹ má jẹ́ kí ó sú yín." Ìyá rẹ fi ìborùn bo ojú. Èmi rò pé ẹkún ni, ẹkún ni lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó ṣí ojú, ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn.

Ibi tí mo ti gbé ẹrù náà pa dà lé e lórí nìyí. Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń pa dà sílé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Títí di ìgbà wo?" Mo ní títí a ó fi bímọ. Oyún kan ṣì tún lọ lẹ́yìn èyí. Lẹ́yìn náà ni tìrẹ dé, ó sì dúró, àwa méjèèjì kò fẹ́ pariwo títí o fi ké ní ọwọ́ agbẹ̀bí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ, àbúrò rẹ obìnrin dé. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ "Bàbá" láyé, ẹni méjì ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tún ilé ọmọ Mojísọ́lá ṣe. Ìyá rẹ wà lórí eékún, ó gbé ọ lọ́wọ́, ó sì ṣe àmín. Mo wò ó. Ó wò mí. Mo ní lọ́kàn mi pé ó di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà. O ti dàgbà, o ti ní ìyàwó, ìyá rẹ ṣì ń ru ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bọ́lájokò sàn jù mí lọ. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún márùn-ún, mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ìgbàrà-Òkè. Ó ti lọ́kọ, ó ti bí mẹ́ta. Ó fún mi lómi, ó gbọ́ mi tán, ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́. Ó wá béèrè bóyá mo ti sọ fún àwọn ará ilé mi pé kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. Mo gbé ife omi náà kalẹ̀, mo dágbére.

Ọmọ mi, dókítà yẹn sọ fún wa pé ọmọ tí a bá bí lè ní ohun tó wà lára mi, ó sì lè má ní in. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ kí o tó mú Fúnmiláyọ̀ wá sílé wa. Mi ò sọ. Dárí jì mí. Mi ò sọ pé láti ọ̀dọ̀ rẹ ni. Oyún a máa wálẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan, ó sì lè má jẹ́ láti ara ẹnikẹ́ni nínú yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ̀yin méjèèjì lọ ṣàyẹ̀wò pọ̀, kí o sì sọ ìtàn mi fún dókítà láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀nà pọ̀ nísinsìnyí ju ìgbà tiwa lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n lè so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá. Kò rọrùn, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bọ́ sí i. Àmọ́ bí kò bá sí èyí náà, sùúrù ṣì wà. Ìwọ tí ò ń kàwé yìí, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ràn wá lọ́wọ́ kí a tó bí ọ. Bí ẹ bá sì gba ọmọ tí kò ní òbí tọ́, ọmọ-ọmọ mi ni, èmi ni n ó sọ ọ́ lórúkọ.

N ó kọ ti àbúrò rẹ lọ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni mo fẹ́ kí ó ti gbọ́ ọ.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Mi ò yà sọ́dọ̀ yín, mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ka èyí. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ bá ní Òdòjọ̀mù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí ìjókòó kan. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n wá ní, "Mojísọ́lá mọ̀?" Mo ní ó ti mọ̀ kí a tó bí ọ. Wọ́n ní, "Ó mọ̀, ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi ní gbogbo ọdún yìí."

Wọ́n ti wà níhìn-ín láàárọ̀ yìí. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n wọ̀, òjò pa wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò jókòó sí pálọ̀, ilé ìdáná ni wọ́n gbà lọ tààrà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mò ń kọ̀wé yìí lórí tábìlì, mo ń gbọ́ ohùn wọn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sunkún lẹ́ẹ̀kan. Nísinsìnyí, ìró ọmọrí ìkòkò ni mò ń gbọ́, ìyá rẹ sì ń béèrè bóyá iyọ̀ tó.

Màmá Oǹdó ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Wọ́n ní àwọn náà ní ọ̀rọ̀ tí àwọn fẹ́ bá Fúnmiláyọ̀ sọ, àmọ́ mo ní kí wọ́n jẹ́ kí tìrẹ ṣáájú. Mo gbọ́ pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ sùn sílé wa ní alẹ́ Ọjọ́rú. Èmi àti ìyá rẹ á sìn yín dé ibẹ̀, a ó sì jókòó níta títí ẹ ó fi jáde.

Má dá ka lẹ́tà yìí tán kí o wá fi í pamọ́. Pe ìyàwó rẹ kó jókòó tì ọ́, kí o kà á sókè fún un láti orí dé ìsàlẹ̀, má fo ibi kankan. Bí o bá dé ibi tí ohùn rẹ kò jáde mọ́, fà á lé e lọ́wọ́, kó bá ọ kà á parí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.